Ọkọ̀ oníná àbí elépo fún ẹni tó ń ti Ọ̀fà lọ Ìlọrin lójoojúmọ́?

Olùkọ́ Ọ̀fà
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ ìmọ̀ràn yín kí n tó náwó. Ọ̀fà ni mò ń gbé, Tankẹ́ n'Ílọrin ni iṣẹ́ mi wà. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ tí mo ń bọ̀, àlọ àti àbọ̀ sì tó bí 110 kìlómítà. Ọkọ̀ èrò ni mò ń wọ̀, owó rẹ̀ ti ń jẹ owó oṣù mi tán.

Bọ̀dá mi tó wà l'Ékòó bá mi rí Nissan Leaf tòkunbọ̀ kan, ti ọdún 2013, oníná pátápátá, kì í lo epo rárá. Ọkọ mi ní Corolla 2009 ni ká rà, torí kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n tú. Owó àwọn méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn. Ilé ara wa là ń gbé, a ní mítà oníkáàdì. Iná máa ń wà lálẹ́, ọ̀sán ni kì í dúró. A sì ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo oníná, tàbí tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Owó tí mo fi ọdún púpọ̀ kó jọ ni.

Alájì Táíwò Róòdù
Ẹ gba ti ọkọ yín. Ọkọ̀ ni mò ń tà, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Bí Corolla bá dákú ní Àjàṣẹ́-Ìpo lálẹ́, ẹ ó rí ẹni tó máa jí i. Páàtì rẹ̀ wà n'Ílọrin, ó wà l'Ọ́fà, àti tòkunbọ̀ àti tuntun. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, ẹni tó máa rà á ò ní pẹ́ dé. Ta ló máa ra oníná lọ́wọ́ yín? Mo mọ ọ̀kan tó ti dúró sójú kan látìgbà tí bátìrì rẹ̀ ti kọṣẹ́, ẹni tó ni ín ò rí ẹni bá a tún un ṣe títí di òní.

Ọmọ Ìgbómìnà ní Kánádà
Alájì, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́, mi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ Òrò ni mí, ọkọ̀ oníná ni mò ń wà níbí. Kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí ẹ máa pààrọ̀, kò sí plọ́ọ̀gì, kò sí gásíkẹ́ẹ̀tì tó máa jó, kò sí injector tí epo ayédèrú máa dí. Búrèkì mi ò tíì gbó, torí pé tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí asẹ́lẹ́rétọ̀, mọ́tò fúnra rẹ̀ á máa dá ọkọ̀ dúró, á sì máa dá iná padà sínú bátìrì. Táyà, wáípà àti bátìrì kékeré 12V nìkan ni mò ń ronú lé lórí.

Òtútù ló ń dín ìrìn ọkọ̀ mi kù. Ẹ̀yin ò ní òtútù, torí náà tiyín á tún sàn ju tèmi lọ. Àǹtí, ẹ ra oníná.

Rewáyà Gáà-Akanbí
Àbúrò wa ní Kánádà, ohun tí ẹ sọ nípa búrèkì àti ọ́ìlì, òótọ́ ni. Ti òtútù yẹn ni kò rí bẹ́ẹ̀. Òtútù máa ń dín ìrìn kù fún ọjọ́ náà ni. Tí ara bátìrì bá ti yá, ìrìn rẹ̀ padà dé. Ooru ló ń jẹ bátìrì lithium gan-an, èyí tó bá sì ti jẹ kì í padà mọ́.

Leaf tí Àǹtí ń sọ yìí ló sì burú jù lójú ooru. Àwọn ọkọ̀ oníná mìíràn ní omi tó ń yí ká bátìrì láti tù ú lára, Leaf ò ní. Lọ́dún 2012, àwọn tó ra Leaf àkọ́kọ́ ní Arizona l'Amẹ́ríkà, níbi tí ooru ti ń mú gidi, figbe ta pé bátìrì àwọn ń tètè rẹ̀. Ẹ wá wo Ìlọrin tiwa lóṣù Kẹta, tí ooru ń kọjá 37.

Àǹtí Olùkọ́, ẹ bá mi ka èyí dáadáa. Bátìrì Leaf 2013 gba yúnìtì 24, yúnìtì kan náà tí ẹ ń rà sórí mítà yín. Nígbà tó wà ní tuntun, ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà fún un ni bí 120 kìlómítà kí iná tó tán. Ẹ̀yin ń rin 110. Ọkọ̀ yẹn ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ nínú agbára bátìrì rẹ̀, 90 kìlómítà ló kù, láìtíì ka éasì tí ẹ máa tàn àti òkè tí ẹ máa gùn. Tí kò bá sí ibi tí ẹ máa ti ṣáàjì ní Tankẹ́, ọkọ̀ yẹn ò lè gbé yín padà dé Ọ̀fà.

Torí náà, kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, ẹ jẹ́ kí Bọ̀dá ṣe nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, kó wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà tó ń sọ iye iná tó wà, àwọn ìlà kéékèèké 12 wà níbẹ̀ tó ń sọ bí bátìrì fúnra rẹ̀ ṣe lágbára tó. Ìlà àkọ́kọ́ máa ń lọ nígbà tí bátìrì bá ti pàdánù bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìkejì, kó má gba ìlà yẹn gbọ́ lásán. Àwọn kan máa ń tún kọ̀ǹpútà bátìrì tò kí ìlà 12 lè yọ padà fún ìgbà díẹ̀. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ LeafSpy, ẹ máa so ẹ̀rọ kékeré OBD tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ́ ọn, á sì sọ ìlera bátìrì ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Kó wa ọkọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́ kó tó kà á.

Mo ń bọ̀ wá sọ ti wáyà ilé.

Nọ́ọ̀sì Adéwọlé
Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó, torí òun ló mú Àǹtí wá síbí.

Ká tó yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù Karùn-ún 2023, lítà kan ò tó ₦200. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún náà ó ti di ₦617, ó sì kọjá ₦1,000 lóṣù Kẹwàá 2024. Owó ń lọ sókè sódò, ẹ jẹ́ ká fi ₦1,000 ṣírò kó lè rọrùn. Corolla á jẹ bíi lítà 9 fún 110 kìlómítà lójú ọ̀nà Ọ̀fà. ₦9,000 lóòjọ́ nìyẹn.

Ọkọ̀ oníná á lo bíi yúnìtì 20 fún ìrìn kan náà. Ẹ fi díẹ̀ kún un fún èyí tó ń sọnù nígbà tí ẹ bá ń ṣáàjì, ká pè é ní 22. Tí ẹ bá wà ní Bándì A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lóòjọ́ fún, ká fi ₦209.50 tí wọ́n ń gbà lórí yúnìtì kan lọ́dún 2024 ṣírò, kò tó ₦4,700. Ohun tó kù sí yín lọ́wọ́ lóṣù kan tí ẹ bá lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ 22 sún mọ́ ₦95,000. Owó gidi ni.

Awakọ̀ Òmù-Àrán
Nọ́ọ̀sì, mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí iná bá wà ni. Lọ́jọ́ tí tíránsífọ́mà bá bàjẹ́ ńkọ́? Ẹ sọ pé jẹnẹrétọ̀ wà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré onípẹtiróòlù máa ń jẹ bí ìdajì lítà epo kó tó mú yúnìtì kan jáde. Yúnìtì 22 á jẹ lítà 9 sí 11. Ẹ ò rí i pé iye tí Corolla máa jẹ náà nìyẹn, ariwo àti èéfín wá jẹ́ èlé.

Ọ̀nà Òmù-Àrán sí Ìlọrin ni mò ń ná, ọkọ̀ èrò. Mi ò lè dá iṣẹ́ mi lé ohun tí mi ò lè rà ní gálọ́ọ̀nù. Tí epo bá tán, kẹ́ẹ̀gì kan á gbé mi dé ibi tí mo ń lọ. Tí bátìrì bá tán láàárín Ìdòfìàn àti Àjàṣẹ́, ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ ló kàn. Mi ò sì tíì rí ibi kankan lójú ọ̀nà wa tí wọ́n ti ń ṣáàjì ọkọ̀ fún ará ìta.

Ẹ lọ wo CNG, gáàsì tí wọ́n fún mọ́ra tí ọkọ̀ ń lò dípò epo. Mo mọ àwọn tó ti yí ọkọ̀ wọn sí i, wọ́n ń dúpẹ́.

Ìyá Ìbejì Sángo
CNG yẹn, ṣé gáàsì ìdáná náà ni? Ọkọ̀ àwọn ọmọ mi ni mo fẹ́ yí, ẹ̀rù ń bà mí.

Awakọ̀ Òmù-Àrán
Rárá o, Màmá. Gáàsì ìdáná ni LPG, CNG yàtọ̀. Wọ́n fún un mọ́ra gidi gan-an nínú sílíńdà, agbára ìfúnmọ́ra rẹ̀ tó bar 200, ìyẹn ni sílíńdà rẹ̀ fi nípọn tó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so sílíńdà ìdáná mọ́ ọkọ̀ o, ó ti pa èèyàn. Ibi tí wọ́n ní ìwé àṣẹ nìkan ni kí ẹ lọ. Búùtù yín á kéré sí i, epo náà ṣì máa wà nínú táǹkì, torí òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi tanná kí ọkọ̀ tó bọ́ sórí gáàsì.

Rewáyà Gáà-Akanbí
Mo ti dé. Ọ̀rọ̀ wáyà.

Nínú ilé tí mo bá débẹ̀ tí ṣáájà ọkọ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́, áàtì, ìyẹn wáyà tó so iná ilé mọ́ ilẹ̀, ló sábà máa ń jẹ́. Ṣáájà ọkọ̀ oníná máa ń yẹ ilẹ̀ wò kó tó fi iná ránṣẹ́. Tí kò bá rí áàtì tó dára, iná pupa á tàn, kò ní ṣe nǹkan kan. Ilé tí a kọ́ níbí, wọ́n á fa wáyà áàtì lọ síbi sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ọ̀pá tó yẹ kó wọlẹ̀ ò sí níta, tàbí kó jẹ́ pé ìpẹ̀tà ti jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ kékeré pàápàá kì í fi bá a ṣiṣẹ́: kò bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi wáyà tan ṣáájà jẹ kí ó lè ro pé áàtì wà. Ẹ̀mí ló wà níbẹ̀, pàápàá lásìkò òjò.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni fọ́tééjì. Tí iná yín bá ń wá ní 150, 160 ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí gbogbo àdúgbò ń lọ aṣọ tí wọ́n ń tan fáànù, ṣáájà á máa dúró, á máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n ní aago mẹ́jọ, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní aago kan òru. Òru ló máa ń dára.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13A inú yàrá ò ṣeé fi ṣáàjì ní gbogbo òru. Ó máa ń yọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa wáyà 6mm tirẹ̀ láti búréka dé ibi tí ọkọ̀ ń dúró, kó ní búréka tirẹ̀. Kódà bí ẹ bá wá ń fi 10A lásán ṣáàjì, bátìrì yúnìtì 24 tó ti tán á gbà tó wákàtí mẹ́wàá. Òru kan nìyẹn.

Ìkìlọ̀ kan tó kù: tí Leaf yẹn bá wá láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ṣáájà tó tẹ̀ lé e. 120V ni tiwọn. Tí ẹ bá kì í bọ iná wa, ó lè jóná níbẹ̀. Èyí tó gba 230V ni kí ẹ bá Bọ̀dá béèrè.

Onísólà Fátẹ́
Kí ló dé tí gbogbo yín gbójú fo sólà? Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá oní-550W, oòrùn wa ní Kwárà á mú yúnìtì 20 jáde lọ́jọ́ tó bá mọ́lẹ̀ dáadáa. Epo di ọ̀fẹ́.

Nọ́ọ̀sì Adéwọlé
Ọ̀gá, Tankẹ́ ni ọkọ̀ Àǹtí máa wà nígbà tí oòrùn bá ń ràn l'Ọ́fà. Alẹ́ ló máa dé.

Onísólà Fátẹ́
Òótọ́ ni o. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa nílò bátìrì ilé tó lè gba yúnìtì 20 kó tó dà á sínú ọkọ̀ lóru, owó bátìrì bẹ́ẹ̀ sì lè sún mọ́ owó ọkọ̀. Ẹ kàn fi sólà ṣe ti òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dúró síbi iṣẹ́ látàárọ̀, òun ni sólà bá mu jù. Kí onítọ̀hún sì máa nu páńẹ́ẹ̀lì lásìkò ọyẹ́, eruku yẹn máa ń jẹ yúnìtì gidi gan-an.

Alájì Táíwò Róòdù
Ẹ ti ń rí i. Ó ku Bándì A, ta ló ní in l'Ọ́fà?

Ẹ̀gbọ́n Gánmọ̀
Alájì, Bándì A kọ́ ni dandan. Ohun tí èèyàn ń gbàgbé nìyí: Bándì A nìkan ni NERC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó iná, fi owó kún lóṣù Kẹrin 2024, láti ₦68 sí ₦225, kí wọ́n tó dín in díẹ̀. Ẹni tó wà ní Bándì B, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 16 fún, tàbí C tó jẹ́ wákàtí 12, owó yúnìtì tiwọn kéré sí ti A gan-an. Tí iná Àǹtí bá ń wá lóru gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ, á ṣáàjì ní owó tó kéré ju èyí tí Nọ́ọ̀sì ṣírò lọ. Ọkọ̀ ò nílò iná ọ̀sán. Ó ń dùn mí tí àwọn èèyàn bá ń sọ pé a ò lè lò ó torí iná wa, nígbà tó jẹ́ pé Jẹ́bà àti Káíńjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, tí wáyà ńlá ń gba orí oko wa kọjá ní Gánmọ̀. Èmi fẹ́ kí ìlú yìí ní in.

Ṣùgbọ́n ẹni tí iná rẹ̀ ń wá nígbà tó bá wù ú, kó má tíì dán an wò.

Ìyá Ìbejì Sángo
Ẹ má bínú, kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ nípa Prius. Prius ni mò ń lò, ọkọ̀ Toyota tó ní ẹ́ńjìnnì epo àti mọ́tò oníná pọ̀, kò nílò pé kí n kì í bọ iná kankan. Epo ni mò ń rà, bátìrì rẹ̀ á máa ṣáàjì fúnra rẹ̀ nígbà tí mo bá ń tẹ búrèkì. Bíi lítà 5 ló ń jẹ ní 100 kìlómítà. Lọ́nà Ọ̀fà, á jẹ́ bíi lítà 5 àbọ̀ sí 6 fún Àǹtí lóòjọ́, ìyẹn ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó epo Corolla ò ní jáde lápò wọn mọ́.

Ohun tí ẹ ní láti mọ̀ ni pé fáànù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀yìn tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí bátìrì. Eruku wa máa ń dí i. Ẹ máa tú u nù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ sávíìsì, kí ẹ má sì kó ẹrù dí ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bátìrì tí wọ́n ní ó ti kú, fáànù yẹn ló pa á.

Alájì Táíwò Róòdù
Ìyá Ìbejì, èyí tí ẹ sọ yìí mọ́gbọ́n wá. Mo ti ta méjì, àwọn tó rà á ò padà wá ṣàròyé. Mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ṣì kéré n'Ílọrin, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Kí wọ́n ṣáà ṣọ́ra fún wáyà aláwọ̀ ọsàn. Iná tó wà nínú rẹ̀ lè pa èèyàn, ì báà jẹ́ Prius, ì báà jẹ́ Leaf.

Ọmọ Ìgbómìnà ní Kánádà
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rewáyà fún àtúnṣe yẹn. Mo ṣì dúró lórí oníná, kì í ṣáà ṣe Leaf 2013. Àǹtí, tí owó bá lè fà díẹ̀, Leaf 2018 sókè ní bátìrì yúnìtì 40, 240 kìlómítà ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí ní tuntun. Kódà tí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ bá ti lọ, 180 ló kù, ẹ ó lọ ẹ ó sì bọ̀, á tún ṣẹ́kù. Tí ẹ bá sì rí àwọn ọkọ̀ Ṣáínà tó ń lo bátìrì LFP, irú lithium mìíràn, ooru kì í tètè jẹ irú bátìrì yẹn bíi ti Leaf. Ẹ ṣáà wo ẹnu ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì, torí ti Ṣáínà, ti Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà ò bára mu.

Olùkọ́ Ọ̀fà
Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Bọ̀dá mi ti lọ so LeafSpy mọ́ ọkọ̀ náà. Ìlà 12 ló wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó wà á dé Ìkòròdú tó sì padà, LeafSpy ní ìdá 68 ló kù. Ọkọ̀ yẹn ò ní gbé mi lọ gbé mi bọ̀. A ti dá a padà fún onítọ̀hún.

Rewáyà àdúgbò wa wá wọn iná: 170 ní aago mẹ́jọ, 215 lẹ́yìn aago méjìlá òru. Áàtì ò sí rárá, ó ní wáyà ewé kàn ń dá dúró nínú ògiri ni. A máa ri ọ̀pá áàtì mọ́lẹ̀ kí òjò tó dé, bóyá a ra oníná tàbí a ò rà á.

Èmi àti ọkọ mi ti fẹnu kò sórí Prius. Mo ṣì ń béèrè iye tí Leaf oníyúnìtì 40 jẹ́. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ọdún wo ni tiyín, ta ló sì ń bá yín tọ́jú fáànù yẹn?

Ìyá Ìbejì Sángo
2010 ni. Ọmọkùnrin kan ní Ọ̀fà Gàréèjì ló ń bá mi ṣe é. Mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó bá yín wo bátìrì lórí ẹ̀rọ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kó ka fọ́tééjì àwọn bátìrì inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá relẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ẹ fi í sílẹ̀.